Mi Ò Bọ̀ Ní Seoul, Okùn Ni Kí O Rà Fún Mi

Abúlé Sorigae,
Ìdí Ògiri Òkun,
Omi Kẹtàlá, oṣù kẹrin ti òṣùpá.

Miran ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Jiu ọmọ rẹ tí kì í jẹ ẹja. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ṣé ọrùn tó ń dùn ọ́ nítorí kọ̀ǹpútà ti fi ọ́ sílẹ̀? Kí ọ̀run má fi àìsàn ṣe ọ́ ní àlejò, kí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí o ń wọ̀ máa gbé ọ lọ kó sì máa gbé ọ bọ̀, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ má rí ẹ̀sùn kà sí ọ lẹ́sẹ̀, kí bàbá rẹ tó sùn sórí òkè lẹ́yìn ilé wa máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Èmi náà wà. Mi ò kú, mi ò sì sọnù, ohun yòówù kí Manbok alága wa sọ fún ọ lórí fóònù.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí o. O rántí pé mo ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin kí n tó mọ ìwé kọ, ní kíláàsì àwọn ìyá àgbà ní gbọ̀ngàn abúlé, níbi tí olùkọ́ ti máa ń fún wa ní bisikíìtì tí a bá kọ orúkọ wa láìṣì í. Ó ti di ọdún mẹ́wàá báyìí, lẹ́tà kan ṣoṣo ò tíì sá mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyá Dongsik jókòó tì mí níbi tí mo ti ń kọ ọ́, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú nítorí orúnkún, ó ń bó aáyù, gbogbo ohun tí mo bá kọ ni mo sì ń kà sí i létí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé mo kọ ìkọkúkọ. Ajá wa ti bímọ, mẹ́rin, abẹ́ ilé Manbok ló lọ bí wọn sí. Aáyù ọdún yìí tóbi. Ilé Ọ̀gbẹ́ni Seo tó wà nídìí kànga ti ṣófo, àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó o lọ sí ilé àwọn arúgbó nínú ìlú, wọ́n ní lójú agogo ló ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ní yàrá rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Mo kàn ní kí n sọ ìyẹn fún ọ ni.

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ Omi Kẹjọ, pé ìwọ àti ọkọ rẹ ti pinnu, pé kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀ ẹ máa wá kó mi lọ sí Seoul, pé yàrá tí Jiu ti ń kọ́ dùùrù ti di tèmi. O ní kí n má bínú. Miran, mo bínú. Mo bínú débi pé mo gbé fóònù náà sínú ìkòkò ìrẹsì, mo sì dé e. Ó dún títí níbẹ̀, mi ò gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú gègé, torí ìwé kì í jẹ́ kí ọmọ já lu ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, o máa kà á tán kí o tó fèsì.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìrántí tó wà nínú ìlú. Orí ta ni wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀? Orí mi ni. Ta ló wọ bọ́ọ̀sì dé ibẹ̀, tó sì jókòó fún wákàtí méjì lórí àga líle? Èmi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì jáde, fóònù tìrẹ ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí, torí wọ́n kọ ọ́ síbì kan pé ìwọ ni alágbàtọ́ mi. Èmi tí mo pọ̀n ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lórí ẹrẹ̀ tí òkun máa ń fà kúrò lórí rẹ̀, kí ìwọ́ rẹ tó já tán, ìwọ lo wá di alágbàtọ́ mi! Mo ní kí ọmọbìnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà pa á rẹ́. Ó ní kò ṣeé parẹ́. Mo wá yọ rọ́bà ìparẹ́ tèmi láti inú àpò, èyí tí mò ń lò ní kíláàsì, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo ní kó fi tèmi ṣe é, kò sí wàhálà. Ó rẹ́rìn-ín, kò gbà á. Bóyá ó rò pé mo fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Dókítà Yun ló ń ṣe ìdánwò fún wa, ọmọdébìnrin ni, ó níwà, ọwọ́ rẹ̀ gbóná tó bá di tèèyàn mú. Ó béèrè pé, ìyá àgbà, kí ni ọjọ́ òní? Mo ní Omi Kẹfà ni. Ó ní rárá o, ọjọ́ wo nínú oṣù ni òun ń béèrè. Mo ní ọmọ mi, mo ti dá ọ lóhùn. Ní etí òkun wa, omi la fi ń ka ọjọ́, láti Omi Kìíní títí dé Omi Kẹẹ̀ẹ́dógún, ká tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá mọ Omi Kẹfà yàtọ̀ sí Omi Kìíní, òkun á gbé e lọ, àmọ́ nọ́ńbà tó wà lára kàlẹ́ńdà báǹkì kò gba ẹnikẹ́ni là rí. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní ìgbà wo nínú ọdún la wà, mo ní ìgbà tí àwọn ẹran òkun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kéékèèké ń yé ẹyin sínú ihò ni, pé kó wá ra díẹ̀ lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó rù. Ó tún kọ nǹkan sílẹ̀. Mo na ọrùn wò ó, mo rí i pé òdo ni.

Ó wá ní kí n ya ojú aago, kí n fi ọwọ́ rẹ̀ sí agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ojú aago tí mo yà, Miran, ó rí roboto bí ìdérí ìkòkò, nọ́ńbà méjèèjìlá pé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara mi ò gbà á láti fi ọwọ́ aago sí agogo méjì. Mo ní lọ́jọ́ Omi Kẹfà, ní agogo méjì, omi ti ń bọ̀ kíákíá, ìyá kankan ò gbọ́dọ̀ wà lórí ẹrẹ̀ mọ́. Mo fi ọwọ́ aago sí agogo méjìlá, kí gbogbo wọn lè bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Dókítà wò mí, ó wo aago náà, ó ní ṣé òun lè mú ìwé yẹn lọ sílé. Mo ní kó máa mú un lọ. Síbẹ̀ òdo ló fún mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa ń sọ fúnni, tí wọ́n á fi ọ̀rọ̀ mìíràn dà èèyàn láàmú, lẹ́yìn náà wọ́n á ní kó dá wọn padà. Fìlà, ọsàn, fèrèsé. Mo dá ọsàn nìkan padà. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi mi, mi ò bá fìlà àti fèrèsé ṣòwò pọ̀ rí, kó fún mi ní ẹrù tí mo mọ̀, màá gbé gbogbo rẹ̀ dé ilé. Ọmọ náà kò bínú. Ó ronú díẹ̀, ó ní ó dáa, ìyá àgbà, apẹ̀rẹ̀, ọkọ́, bàtà rọ́bà. A sọ̀rọ̀ nípa ìwọ àti Jiu fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n dá wọn padà. Mo ní apẹ̀rẹ̀. Mo ní ọkọ́. Ẹ̀kẹta, mo wá a, mo wá a, mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. Miran, mi ò ní purọ́ fún ọ. Bàtà rọ́bà ni, ó sì wà lẹ́sẹ̀ mi.

Mọ́kànlélógún nínú ọgbọ̀n ni wọ́n fún mi. Lọ́dún tó kọjá mẹ́rìnlélógún ni. Mo ní kó má jẹ́ kí ìyẹn dùn ún, ìkaràhun ẹlẹ́ran tí à ń wà nínú ẹrẹ̀ pàápàá ti wálẹ̀ lọ́dún yìí, gbogbo nǹkan ló wálẹ̀. Dókítà Yun di ọwọ́ mi mú, ó ní kì í ṣe pé mo ti ń ṣarán, ohun tó ń ṣe mí dà bí ìgbà tí èèyàn dúró lẹ́nu géètì. Ó ní nínú àwọn tó dúró síbẹ̀, lọ́dọọdún àwọn kan máa ń wọlé, àwọn mìíràn á dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn díẹ̀ tilẹ̀ máa ń yí padà lọ sílé wọn, òun ò sì lè sọ irú èyí tí màá jẹ́. Mo bi í pé níbo gan-an ni géètì náà wà, kí n lè máa gba ọ̀nà ibòmíràn. Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún fún omi, mi ò mọ èyí tí màá gbà gbọ́ nínú méjèèjì.

Àmọ́ mo ti rí àwọn ará ẹnu géètì fúnra mi, torí orí àga kan náà la jọ ń dúró. Ọkùnrin kan wà tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbin ata sínú ike lọ́dún tó kọjá, kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ata. Lọ́dún yìí ó di fìlà rẹ̀ mú sáyà, ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin bóyá bọ́ọ̀sì ti dé. Obìnrin kan sì wà níbẹ̀ tó ti ń wá fún ọdún méje, nọ́ńbà rẹ̀ ò kúrò lójú kan, ó ń jẹ ìrẹsì gbígbẹ nínú ọ̀rá, ó ń bá nọ́ọ̀sì jà. Mo lọ jókòó ti obìnrin yẹn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa wà.

Ó yá, ká sọ̀rọ̀ nípa aago ọwọ́ tí o rà fún mi, tí o ní yóò máa sọ fún fóònù rẹ ibi tí mo bá wà. Mo dúpẹ́. Aago náà lẹ́wà. Nítorí pé ó lẹ́wà ni mi ò ṣe jẹ́ kí omi iyọ̀ kàn án. O mọ̀ pé gbogbo ohun tó bá dé orí ẹrẹ̀ ló máa ń jẹrà, rédíò bàbá rẹ jẹrà níbẹ̀. Tí mo bá ń lọ sórí ẹrẹ̀, mo máa ń so aago náà mọ́ ọrùn ajá wa, torí òun kì í jìnnà sílé, ẹnikẹ́ni ò sì lè jí i lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà nígbà tí o pè mí tó o ń pariwo pé Màmá, kí lẹ ń ṣe lábẹ́ ilé Manbok láti àárọ̀, ajá ló wà níbẹ̀, ó ń rọbí. Mo ti ní kí n sọ fún ọ, ajá wa bímọ o, mẹ́rin ni. Ìyá Dongsik ní mo ti sọ ìyẹn níbẹ̀rẹ̀. Kí ó wà bẹ́ẹ̀, ìròyìn ayọ̀ ni, gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Mo mọ̀ pé ọjọ́ Omi Keje ló ń bà ọ́ lẹ́rù. Manbok ti rò ó fún ọ, ó sì ti fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí. Omi fà jìnnà lọ́jọ́ náà, kùrukùru wà díẹ̀, mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi, mo ń lọ síbi Àpáta Ìyàwó, torí ìdí rẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ máa ń pọ̀ sí. Mo rìn, mo rìn, mi ò rí àpáta. Mo ní ta ló gbé e? Mo dúró síbi tó yẹ kó wà, mo fi ọkọ́ gbá ẹrẹ̀ wò, bóyá ó rì. Mo pa márùn-ún níbẹ̀ kí n má baà dúró lásán. Kùrukùru wá nípọn, mi ò rí ọwọ́ ara mi, mo sì gbọ́ ìró omi lẹ́yìn mi, lẹ́yìn mi, Miran, kì í ṣe níwájú.

Ìyá Dongsik ló gbà mí. Ó ti ń ka àkókò láti orí ògiri òkun, ó rí i pé mi ò sí láàárín àwọn tó padà, kò sì lè sáré nítorí orúnkún rẹ̀, ló bá gbé bàsíà ìfọṣọ, ó ń fi ṣíbí gbá a. Mo gbọ́ gbàn-gbàn-gbàn nínú funfun yẹn, mo sì kọjú sí i. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi fi kan àtẹ̀gùn ògiri, omi ti dé itan mi. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ márààrún wà nínú apẹ̀rẹ̀, mi ò sọ ọ̀kan nù. Mo ní kí Ìyá Dongsik wá gbọ́ nǹkan, wọ́n ti jí Àpáta Ìyàwó. Ó wò mí títí. Ó ní Ìyá Miran, ìjọba ti fọ́ àpáta yẹn nígbà tí wọ́n ń mọ ògiri yìí, Miran ṣì ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà, èmi àti ìwọ la jọ dúró wò ó. Lákòókò náà, fóònù rẹ ń sọ fún ọ pé mo wà lábẹ́ ilé, mo dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Mo tọrọ àforíjì lórí ìyẹn. Ìyẹn nìkan ni mo tọrọ àforíjì lé lórí.

Manbok, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òkun, wá pe ìpàdé ní Omi Kẹwàá, pé kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé àwọn tó lè sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹrẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí orúkọ mi wọ ìwé yẹn. Mo dìde, mo ní Manbok, ìwọ tí mo pọ̀n lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, tó o ṣu sí mi lẹ́yìn, tí mo sì wọ aṣọ náà títí àwọn àlejò fi tú ká, ṣé orí tí mo fi rántí ìyẹn ló ń ṣarán? Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, etí rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà. Ó ní Màmá, ẹ má bínú, mi ò kórìíra yín. Ó ní inú kùrukùru bẹ́ẹ̀ ni òkun ti gbé bàbá òun lọ, ẹ̀yin náà mọ̀. Ó ní tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ta ni kó gbé fóònù pe Miran, bí kò ṣe òun?

Mo jókòó. Mo rò pé ó ti tán.

Ìgbà náà ni Ìyá Dongsik bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. O mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó, ọwọ́ méjèèjì lórí tábìlì, ìdí á gòkè, orúnkún á dún, gbogbo èèyàn ní láti dúró dè é. Nígbà tó nàró tán, ó ní ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé dandan ni kí orí àti ẹsẹ̀ wà lára ẹnìkan náà. Ó ní òun ní orí, òun ò ní orúnkún. Ìyá Miran ní orúnkún, orí rẹ̀ ń kọsẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀ sórí ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé, kí wọ́n so okùn mọ́ ìbàdí mi, kí òun jókòó sórí ògiri di etí kejì mú. Wọ́n jiyàn títí ọbẹ̀ sóyà tí wọ́n sè fún ìpàdé fi tutù. Níkẹyìn Manbok gbà, títí di ìgbà ìkórè, pé itòsí ògiri nìkan ni mo lè dé, pé mi ò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti Omi Kẹfà sí Omi Kẹsàn-án, pé tí kùrukùru bá wà, kí n jókòó sílé. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ìlà kan, orúkọ méjì. Mo wò ó dáadáa, mo kà á, kò ṣì í.

A ti dán an wò lánàá. Okùn ìsáṣọ la lò, kò gùn ju láti ẹnu ọ̀nà wa dé ìdí kànga lọ. A fà á lẹ́ẹ̀kan, ó túmọ̀ sí pé mo wà níbí. Ẹ̀ẹ̀mejì, tú u sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta, máa bọ̀ nílé, kò sí àríyànjiyàn. Mò ń wa ìkaràhun lọ, ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, ni mo bá gbọ́ ọ ní ìbàdí mi, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ní kò tíì tó àkókò. Mo fà á padà lẹ́ẹ̀mejì. Ló bá tún fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi tagbára-tagbára fà á débi pé mo fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀. Mo tẹ̀ lé okùn náà dé ìdí ògiri, mò ń bú u bọ̀ lọ́nà, mo ní arúgbó olójúkòkòrò, ó ń jowú ìkaràhun mi. Nígbà tí mo dé orí àtẹ̀gùn, mo yíjú wẹ̀yìn. Omi ti dúró síbi tí mo ti ń walẹ̀. Lálẹ́, mo se ọbẹ̀ ìkaràhun, mo sì bu èyí tó pọ̀ jù sínú abọ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, Miran, mi ò bọ̀ ní Seoul. Mo ti gbé ilé rẹ fún oṣù kan rí, lẹ́yìn tí a sin bàbá rẹ, nígbà tí orí mi ṣì pé ọgbọ̀n nínú ọgbọ̀n. Àjà kẹtàdínlógún, ilẹ̀kùn ń béèrè nọ́ńbà, gbogbo ilẹ̀kùn rí bákan náà, mo lọ tẹ nọ́ńbà rẹ sára ilẹ̀kùn àwọn ẹni ẹlẹ́ni títí ọlọ́pàá fi dé. Orí pípé ni mo gbé lọ síbẹ̀, mo sì sọnù. Níbí, pẹ̀lú orí mọ́kànlélógún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣì sọnù. Mo mọ ihò tó ń mí àti ihò tó ti kú. Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n kí èmi tó mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá gbé mi kúrò lórí ẹrẹ̀ yìí, kí ló kù tí màá rántí? Ilẹ̀kùn?

Má rò pé mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Mo mọ̀. Mo máa ń dúró nínú ilé ìdáná tí mò ń wo ọwọ́ mi, tí mi ò mọ ohun tí mo wá mú. Lọ́jọ́ kan, orúkọ bàbá rẹ fò mí láti àárọ̀ di ọ̀sán, mo sunkún, mo gun orí òkè lọ kà á lára òkúta sàréè rẹ̀. Nǹkan kan ń fà lọ lára mi, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ìgbà tí omi bá ń fà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí omi bá fà ni àwa ń ṣiṣẹ́, Miran. Kò sí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí òkun kún. Jẹ́ kí n ṣa ohun tó bá kù kó tó di pé ó ṣú. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n inú ẹrẹ̀ mi ni mo fẹ́ kó ti bà mí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi nìyí. Okùn tuntun, ọgọ́rùn-ún mítà, irú tó máa ń léfòó, kí àwọ̀ rẹ̀ pupa bí ọsàn kí a lè rí i nínú kùrukùru. Fèrè kan tí olùkọ́ eré ìdárayá máa ń fun. Pílásítà orúnkún fún Ìyá Dongsik, paali méjì, èyí tó gbóná, kì í ṣe èyí tó tutù. Bá mi fi owó díẹ̀ kún un fún oúnjẹ ajá, torí ẹnu wọn ti di márùn-ún. Má fi owó náà sí báǹkì o. Ẹ̀rọ báǹkì ìlú ti ń béèrè nọ́ńbà àṣírí lọ́wọ́ mi, mo sì ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kí n má baà gbàgbé rẹ̀, àwọn kan lọ nù ún kúrò, èèyàn ò láàánú. Fi sínú àpò ìwé kí o gbé e fún dírẹ́bà bọ́ọ̀sì. Owó tí wọ́n ya obìnrin sí lára ni kí o kó wá, kì í ṣe èyí tí wọ́n ya ọkùnrin onírùngbọ̀n sí, ìyẹn kì í ra nǹkan púpọ̀ mọ́. Mo fi òróró yànmọ̀tí ìgò méjì àti ìkaràhun oníyọ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Tí ó bá jẹ́ ìgò mẹ́ta ló dé ọ̀dọ̀ rẹ, máa jẹ ẹ́ náà.

Aago ọwọ́ yẹn, mo ti gbà á lọ́rùn ajá, mo ti fi í sí Ìyá Dongsik lọ́wọ́. Tí fóònù rẹ bá sọ fún ọ pé mo wà lórí ògiri òkun, mo jókòó lórí àga ike, òótọ́ ló sọ. Orí mi ló wà níbẹ̀. Ìyókù mi wà ní ìwọ̀n okùn kan sí i.

Kí ayé rẹ má fà lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ kó kún. Kí Jiu dàgbà lójú rẹ, kó sì jẹ ẹja lọ́jọ́ kan. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má di iṣẹ́ àṣedànù, kí o rí ẹni tí yóò máa gbá bàsíà fún ọ nígbà tí ojú bá ṣókùnkùn.

Tí ọjọ́ kan bá sì wà tí o bá dé, tí mo wò ọ́ bí àlejò, tí mo ní kí o jókòó, tí mo béèrè ọmọ ta ni ọ́, má sunkún níwájú mi. Má fi fọ́tò hàn mí, má bi mí pé ta lèyí, ta nìyẹn, bíi tilé ìwòsàn. Di ọwọ́ mi mú, kí o sì fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo lè jiyàn díẹ̀. Fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Màá bọ̀ nílé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Bang Jeomrye,
tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé.